Òdòdó Ìdágbére Tavarius

Gbogbo èrò pápá ń pariwo orúkọ Tavarius.

Òun ló ń fò fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sá lọ́wọ́, fún yunifásítì kan ní Alabama. Òní ni wọ́n ń dágbére fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì náà.

Ìyá rẹ̀, Earlene, gbé òdòdó ìdágbére tí wọ́n fún un dání. Kóòṣì ń sunkún bí ọmọdé.

"Màmá, ojú wa níbí ni ọmọ yìí ṣe dàgbà! A ò ní gbàgbé ẹ láé, Travis!"

"Tavarius," ni Earlene wí. Ó na áńkáṣíìfù sí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Kóòṣì. Ẹkún yín ò tíì tó ti kóòṣì rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Georgia lọ́dún tó kọjá. Ti Texas, lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, tiẹ̀ dákú ni."

Tavarius sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ létí.

"Mọ́mì, ẹ tọ́jú òdòdó yẹn o. Yunifásítì kan ní Florida ti pè mí wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Àwọn náà á tún dágbére fún mi lámọ́dún."