Katikísì Tó Kọ̀ Láti Fọ Ẹnu

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, pàápàá bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí kì í lè mí délẹ̀. Dorothée, ọmọ Grégoire, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, nígbà tí a jókòó tí à ń bó èèpo ẹ̀pà ní Gbaffo, abúlé wọn nítòsí ìlú Dassa.

1.

Àgbẹ̀ ni Grégoire, òun náà sì ni katikísì, ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ó ti pẹ́ tí àìsàn èémí ti ń dà á láàmú. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àyà rẹ̀ á máa dún fíín-fíín, á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀, kì í pa Máàsì jẹ.

Ohun kan ló fi ń yangàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Máàsì, kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ ṣáájú Ara Olúwa, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe orín. Ó ní ẹni tó bá run orín ti gbé oje rẹ̀ mì, ẹni tó bá sì gbé oje mì ti jẹun. Lọ́jọ́ kan ó rí Lambert, aládùúgbò rẹ̀, tó ń bọ̀ pẹ̀lú orín lẹ́nu, ó sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Lambert, o ò lè dúró kí Olúwa dé kí o tó jẹun?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lambert ti orín bọ àpò, ó ní òun ò mọ̀ pé igi ti di ọbẹ̀.

2.

Ní oṣù kìíní ọdún 1966, ọyẹ́ mú gan-an. Grégoire ò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àlùfáà tó wà ní Dassa ṣèlérí pé òun á máa gbé Ara Olúwa wá fún un nílé, ṣùgbọ́n kò lè dá ọjọ́ kan, torí abúlé tó ń bẹ̀ wò pọ̀, alùpùpù rẹ̀ sì ti gbó.

Ẹ wo àṣìṣe ọkùnrin yìí. Nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí àlùfáà máa dé, ojoojúmọ́ ló ń retí rẹ̀. Láàárọ̀, kò ní run orín. Bó bá di ọ̀sán tí àlùfáà ò wá, á jẹ iyán díẹ̀, á sùn lé e lórí. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Báyìí ni oṣù mẹ́ta lọ tí omi kan ò kan ẹnu rẹ̀ àyàfi èyí tó fi sin oúnjẹ.

Dorothée tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá fún un títí ó fi sú u. Bàbá rẹ̀ á kọjú sí ògiri. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń rùn débi pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n máa ń jókòó tì í, kì í wọlé mọ́. Dorothée fúnra rẹ̀ á kọjú sẹ́nu ọ̀nà kó tó bá a sọ̀rọ̀, ojú á sì tì í pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá òun. Àwọn ará ilé ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń rà. Kò sẹ́ni tó ronú kan ẹnu.

3.

Lẹ́yìn Àjíǹde, ibà gbé e dálẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí àwọ̀, kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lambert gbé e sórí kẹ̀kẹ́, Dorothée dì í mú lẹ́yìn, wọ́n sì tì í dé ilé ìwòsàn ní Dassa. Bí kẹ̀kẹ́ bá gun òkúta, Lambert á bẹ Bàbá Katikísì pé kó má kú sórí kẹ̀kẹ́ òun, torí kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ òun mọ́. Grégoire fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́.

Évariste, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, fetí sí àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kó ya ẹnu. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó yọ eyín méjì tó ti jẹrà, ó wá ṣàlàyé fún Dorothée pé bí aláìsàn bá sùn, ó ń mí ìdọ̀tí inú ẹnu rẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí àyà rẹ̀ le á wúkọ́, á tu ú jáde. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti kéré ò lè ṣe é. Abẹ́rẹ́ nìkan ò lè tó. Ó gbọ́dọ̀ máa fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ gbogbo, ní ìjókòó, kó sì máa tu omi náà dànù.

Grégoire gbọ́, ó mi orí pé rárá.

"Bí n óò bá kú, ẹ jẹ́ kí n kú pẹ̀lú ààwẹ̀ mi."

Dorothée ò bá a jiyàn. Ó mọ̀ pé bí bàbá òun bá kọ̀, ibojì ló kàn. Ó jáde, ó lọ bá àlùfáà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, àlùfáà wọlé tọ aláìsàn wá. Ó bu omi nínú ìkòkò, ó fi yọ ẹnu, ó sì mu èyí tó kù níṣojú rẹ̀.

"Máàsì ni mò ń lọ ṣe báyìí, Bàbá Katikísì. Omi kì í ba ààwẹ̀ jẹ́."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi kọ́ nìyẹn, Fáàdá."

"Nígbà èwe yín, bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọ ti yí i padà láti bí ọdún mélòó kan. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀ nílé yín, ṣé ẹ ò ní gbálẹ̀ dè é? Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé Olúwa wọ ẹnu tí ẹ ò fọ̀."

Grégoire na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Dorothée, mú orín wá."

4.

Wọ́n padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Dorothée máa ń fi òkúta lu orí orín náà títí á fi rọ̀ bí òwú, kó má baà gún èrìgì. Láàárọ̀ àti lálẹ́, bàbá rẹ̀ á fẹ̀yìn ti ògiri, á run ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, á tu ú sínú igbá. Ibà lọ. Òórùn lọ. Ikọ́ ọyẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nìkan ló kù. Bó bá ń kàwé sókè, àwọn ọ̀rọ̀ kan á máa súfèé gba àlàfo eyín méjì náà jáde, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ti padà wá jókòó tì í á máa sín in jẹ, òun náà á sì tún un kà kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ikọ́ tàbí àìlèmí bá ń yọ lẹ́nu, ẹ má fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́ jù. Bí kò bá lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ bá a fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ń fi òfin ẹ̀sìn yangàn, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè kó tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1966, Évariste fetí sí àyà Grégoire, ó ní kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ mọ́, kó máa lọ sí oko rẹ̀. Nígbà tó ń ti Dassa bọ̀, Grégoire sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú títì, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù dé ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró lọ́nà, kì í ṣe láti mí, láti kí èèyàn ni.