Suwíìtì Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ìyá àgbà ò rí ibi sá sí.

Iná ń wọ̀ ọ́ lójú lórí àga ilé ìwòsàn eyín, òwú kún ẹnu rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì di abẹ́rẹ́ mú.

"Ẹ lanu dáadáa, Mọ́mì. Eyín mẹ́ta ló ti jẹrà. Kí lẹ jẹ nínú ìsinmi yìí?"

Ó mi orí pé òun ò jẹ nǹkan kan.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Suwíìtì wa tí Ìyá àgbà gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ní ó ń ba eyín jẹ́ ńkọ́? Mo wo abẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ọ̀rá ẹ̀ nìkan ló kù!"

Ó ń ṣe Ìyá àgbà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Àkọlé ògiri ń wò ó: "Ẹ jìnnà sí suwíìtì."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà eyín níbí.