Koríko Tí Verlyn Fi Dí Ẹnu Páìpù

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí ọmọdé sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Bí omi bá bọ́ lójú yín, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí bàbá yín.

1.

Ní ìlú kékeré kan ní àríwá Minnesota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí adágún ti máa ń dì débi pé ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, ni Verlyn Tveit àti Ardis ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Verlyn ti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ardis ti ṣe tíṣà pẹ́ ní ìlú náà, agbára káká la fi máa rí ẹni tó mọ̀wé kà níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Òtútù kì í pẹ́ mú un. Bí wọ́n bá jókòó, Verlyn a gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan, a máa fi ọwọ́ ra á títí yóò fi móoru. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn aya rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Agídí nìkan ni àrùn rẹ̀.

Kí òtútù tó dé lọ́dọọdún, ó máa ń to ìdì koríko gbígbẹ yí ìsàlẹ̀ ilé ká kí atẹ́gùn má baà gba abẹ́ pákó wọlé. Ohun tí bàbá rẹ̀ náà ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń mú ilé gbóná. Janelle, tó máa ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti páìpù omi ṣe fún gbogbo ìlú, ló bá wọn gbé e sí i. Ardis ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní kékeré.

“Bàbá,” ni Janelle wí, “ẹ wo páìpù funfun tó yọ lára ògiri níta yìí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ti ń mí. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́dún yìí, ẹ má to koríko dé ibẹ̀.”

Verlyn bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí! Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni a ti ń to koríko sára ilé yìí. Ṣé koríko ló wá fẹ́ pa ẹ̀rọ?”

“Verlyn, gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ,” ni Ardis wí.

“Mo ti gbọ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú gbígbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí Janelle ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, Verlyn to koríko rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń tò ó, ó kàn fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ níwájú páìpù kí ẹnu ọmọ náà lè pa mọ́.

2.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ìjì yìnyín dé. Yìnyín kún inú àlàfo yẹn, ó dì mọ́ koríko, ẹ̀rọ kò rí èémí mí mọ́, ló bá kú. Ardis wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà.

“Pe Janelle, Verlyn.”

“Kó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí gbogbo ìlú ti ń mu kọfí? Èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe.”

“Ta ló ń bá ọ jà? Òtútù ń mú mi ni mo wí.”

Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó sáré lọ sí gáréèjì, ó gbé hítà onígáàsì tó fi ń yáná nínú àgọ́ tó ti ń pẹja lórí adágún dídì. Àgọ́ yẹn lu jára, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Ilé wọn ńkọ́? Koríko dí ìsàlẹ̀, Verlyn sì ti fi ọ̀rá lẹ gbogbo fèrèsé pa. Kíṣìnì ló tan hítà náà sí, nítòsí ẹsẹ̀ aya rẹ̀.

“Ṣé ó ti dáa báyìí?”

“Ó dáa o, o ṣeun. Ṣùgbọ́n pe ọmọ yẹn.”

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ kékeré ara ògiri, èyí tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà nínú ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í han. Verlyn ní bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó mú ṣọ́bìrì, ó jáde lọ kó yìnyín ojú ọ̀nà.

3.

Nígbà tó wọlé wá mu kọfí, Ardis ti gbé orí lé tábìlì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Inú Verlyn dùn. Ó rò pé ara rẹ̀ ti móoru, pé oorun ló gbé e lọ. Ó fi kúbùsù bò ó, ó sì rọra yọ́ jáde kó má baà jí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rọra yọ́ jáde!

Janelle ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá yìnyín ojú títì kọjá, ó rí òkìtì tó bo ara ògiri, ó dúró.

“Bàbá, páìpù yín ti dí! Tíṣà dà?”

“Rọra sọ̀rọ̀, ó ń sùn. Mo ti tan hítà ìpẹja fún un.”

Janelle kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọlé, ó wọ́ Ardis jáde sínú yìnyín, ó ń ké, “Tíṣà! Tíṣà, ẹ dá mi lóhùn!” Verlyn kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

4.

Ardis kò kú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára hítà náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sì wà báyìí. Tíṣà tó mọ orúkọ gbogbo ìlú kò mọ ọkọ rẹ̀ mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí Verlyn wọ yàrá rẹ̀ níbẹ̀, Ardis wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá tún hítà ṣe?”

Verlyn fẹ́ sọ pé, èmi ni, Verlyn rẹ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé,” ni Ardis wí. “Ọkọ mi kì í fẹ́ kí òtútù mú mi.”

Ẹ̀yin tí ẹ ka ibí yìí, ìfẹ́ nìkan kò tó. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ má ṣe nǹkan, ẹ má ṣe é, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ pọ̀n dàgbà ló sọ ọ́. Ẹ má gbé iná gáàsì tó yẹ níta wọ inú ilé tí ẹ ti sé pa. Bí ẹ̀rọ ara ògiri bá ké, ẹ̀yin àti èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ jáde ná. Yẹ̀yẹ́ kì í pa èèyàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.