Zikrullah àti Oorun Tí Kò Dán Wò

"Zikrullah, ṣé o ti dán an wò dáadáa?"

"Àǹtí Àdíját, ẹ wò ó. Mo pa kọ̀ǹpútà yín dé. Mo ṣí i. Ṣé kò jí?"

"Ó jí. Ṣùgbọ́n iná jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wọ inú ẹ̀. Bátìrì ẹ̀ ti kú, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló ń gbé. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni mo fẹ́ kó lè sùn."

"Ṣé oorun kì í ṣe oorun ni? Ẹ má dààmú ara yín jàre."

"Àbí kí n kọ́kọ́ máa fi iṣẹ́ mi pamọ́ kí n tó jẹ́ kó sùn?"

"Kí lẹ fẹ́ fi pamọ́? Ẹ ṣáà tẹ bọ́tìnnì yìí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró lẹ máa bá a."

Ẹ gbọ́ ìtàn Zikrullah, ẹni tí kì í dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò dópin. Ní ọdún 2011, òun nìkan ló ń fi Línúsì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sí kọ̀ǹpútà alágbèéká ní àdúgbò wọn ní Ìgandò. Ó mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti jọ ohun tó dára, ó ti parí lójú tirẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà.

Àdíját ní ìdí tó fi ń béèrè. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Ladáànì, tó ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Zikrullah láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àrùn ti wọ ọ̀nà ọ̀fun bàbá náà. Àwọn dókítà ní àwọn yóò yọ àpótí ohùn rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Àdíját lóyún oṣù méje. Ó fẹ́ gba ohùn bàbá rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ.

Ní Ọjọ́rú, bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ díẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀. Ó pe ìrun. Ó ṣe àdúà. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ikùn ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn, èmi ni bàbá ìyá rẹ. Ohùn mi kì í ha báyìí tẹ́lẹ̀ o. Ìyá rẹ ló fi ariwo bà á jẹ́."

"Ẹ̀yin Bàbá náà! Ẹ má parọ́ mọ́ mi lójú ọmọ mi."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Àdíját kò fi nǹkan kan pamọ́, ó tẹ bọ́tìnnì tí Zikrullah fi hàn án, kọ̀ǹpútà sì kú wẹ́lo. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ohùn bàbá òun ti wà nípamọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Zikrullah ti fi í sórí òrùlé ẹlòmíràn, ó sì ti lọ wo bọ́ọ̀lù.

Iná kò dé títí bàbá fi lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ Ẹtì ló tó dé, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Àdíját tan kọ̀ǹpútà. Ó jí bí ọmọ tuntun, kò rántí nǹkan kan. Ló bá gbé e sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Wá a, Zikrullah. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Zikrullah wá a láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀bi ara rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá máa sun oorun àsùnwọra, ó ní yàrá kan tó ń kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sí kó tó kú. Yàrá àtijọ́ kéré, Zikrullah sì ti wó o, ó kọ́ èyí tó fẹ̀. Ó kàn gbàgbé láti sọ àdírẹ́sì tuntun fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó jí, àdírẹ́sì àtijọ́ ló gbà lọ, kò bá nǹkan kan. Ló bá gbá yàrá tuntun náà mọ́ bí ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Èyí tí Zikrullah fi han Àdíját ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe oorun, òògbé ni; iná jẹnẹrétọ̀ ló gbé e ró. Ká ní ó pa jẹnẹrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré kó tó lọ, ì bá ti rí i.

"Àǹtí, kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Kò sí níbo?"

"Kò sí níbì kankan."

Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìròyìn náà kárí Ìgandò. Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ó-Jí. "Ó-Jí, ṣé tèmi náà á sùn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé kọ̀ǹpútà wọn kọjá. Ní gbogbo àfẹ̀mọ́jú, ladáànì tuntun ń pe ìrun. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ti ń jí Zikrullah láti kékeré. Bàbá Ladáànì ń jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, aṣọ funfun wé mọ́ ọrùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Zikrullah kò lè wò ó mọ́. Ó kó lọ sí Ìjẹ̀gùn. Orúkọ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: iṣẹ́ tí a kò bá dán wò nínú ìnira tí ẹni tó ni ín yóò ti lò ó, a ò tíì ṣe é. Ẹ má fi ìrọ̀rùn ṣọ́ọ̀bù yín wọn òkùnkùn ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹ̀rọ ni kì í ní pààrọ̀. Ẹ̀bẹ̀ pàápàá kì í tún un ṣe.

Kí Zikrullah tó kó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ tí Àdíját wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àdíját gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ apá, ó ré Zikrullah kọjá. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Tí ọmọ mi bá bi mí bí ohùn bàbá àgbà ṣe rí, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá rán an sí."