Ilẹ̀ Tí Kò Sí Ohunkóhun Lórí Rẹ̀

Iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ni Crépin Ajíbọ́lá ń ṣe ní Kétou, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ní ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Prudence wọlé. Ó ní ilẹ̀ ni àwọn ń tà, àwọn sì ń fẹ́ ìkànnì tí àwọn ará Kútọnu á fi lè rà á láì dìde lórí àga.

"Ta ló júwe mi fún yín, Màdáàmù?"

"Ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Ó ní ẹ mọ iṣẹ́ yín, ẹ kì í sì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Crépin rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Prudence gbé ìwé iṣẹ́ kalẹ̀, ó jẹ́ ojú ewé márùn-ún. Crépin fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Ẹ ò ní kà á?"

"Èmi ni mo ń kọ irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì fún àwọn èèyàn. Wọ́n á tẹ àpótí kékeré kan pé àwọ́n ti kà á. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹnìkan ò tíì kà á rí."

Prudence to àwọn ìwé náà pọ̀ dáadáa, ó sì kó wọn sápò.

Wọ́n fi bírò ya ìkànnì náà sórí pépà: ibi tí a ó ti kí àlejò, ibi tí fọ́tò máa wà, àti ibi tí olùrà á ti tẹ bọ́tìnnì. Láti ọjọ́ kejì ni fọ́tò ti ń wọlé sórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣẹ tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ẹ yọ àwọn ewúrẹ́." Ó yọ wọ́n. Ní Ọjọ́rú: "Ẹ yọ ilé alámọ̀ ẹ̀yìn yẹn." Ó yọ ọ́, ó sì mú koríko láti ibòmíràn dí ojú rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá arúgbó kan kọ̀yìn sí fọ́tò, ó ń sá àgbàdo sórí àpò tí wọ́n là. "Ẹ yọ ìyá yẹn."

Ó yọ ìyá náà. Òjìji rẹ̀ ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó padà, ó yọ òjìji náà, ó sì lọ jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ pè é láti Kpankou, abúlé wọn.

"Ajíbọ́lá, àwọn kan wá ya fọ́tò níbí."

"Ìyá, gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò."

"Sandrine àbúrò mi ní kí n wá máa bá òun gbé ní Pobè. Ilé yìí ti tóbi jù fún mi."

"Ilé Bàbá ni, Ìyá. A kì í fi í sílẹ̀. Ṣebí mo wà níbẹ̀."

"Ibo lo wà?"

"Iṣẹ́ ló dì mí lọ́wọ́. Ọ̀la ló máa parí."

"Ọ̀la náà dára."

Ní ọjọ́ Ẹtì, fọ́tò ìkẹyìn dé: ibojì kan tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ búlúù lẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn. "Ẹ yọ ibojì. Ẹ fi igi sílẹ̀, ó lẹ́wà."

Crépin gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Òun ló yan táìlì yẹn, lórí fóònù, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Kò tíì padà síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ṣí fọ́tò Ọjọ́bọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aṣọ tí ìyá arúgbó náà ró. Òun ló rà á.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gun alùpùpù. Nígbà tó dé ojú ọ̀nà eléruku, ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà ìdílé ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹnikẹ́ni ò lè ta ilẹ̀ náà, àfi bí ìyá àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo bá jọ fọwọ́ sí i. Wọ́n lè tan ìyá jẹ. Ọmọ ńkọ́?

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, olè fẹ́ ta ilẹ̀ yìí. Ṣé ẹ ti tẹ̀ka sí ìwé kankan?"

"Mo ti tẹ̀ka láti oṣù tó kọjá," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì sún fún un kó jókòó, "tìrẹ ló kù, ni mo bá ní kí Prudence fi ìwé títa ilẹ̀ náà sáàárín ìwé iṣẹ́ tó gbé wá fún ọ, torí ìwọ náà lo sọ fún mi pé ẹnìkan kì í kà á."