Amọ̀ Ọwọ́ Azeemah

"Ẹ má fi amọ̀ sẹ́nu o!"

Olùtọ́jú ọmọ kan ń bu amọ̀ rírọ̀ sí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Ẹdẹ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Bí ìgbà òjò bá ti dé báyìí, amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣeré. Ẹnìkan mọ ejò, òmíràn mọ kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà.

Azeemah, ọmọ ọdún mẹ́rin, mọ obìnrin kan, ó sì lẹ èèyàn kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ta nìyí?" olùtọ́jú náà bi í.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò pọn ọmọ kankan."

"Ẹ pọ̀n ọ́n. Ó ń sùn ni."

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé ó ti bímọ rí. Sẹkọ́nà ni wọ́n sin ọmọ náà sí lọ́dún tó kọjá, kí òun tó kó wá sí Ẹdẹ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan.

Ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn, àyà rẹ̀ ò gbà á.

"Azeemah, ṣé ó ń sunkún?"

"Rárá. Ó fẹ́ já bọ́ ni. Ọ̀já yín ti tú."

Olùtọ́jú náà bẹ̀rẹ̀, ó ju ọwọ́ kan sẹ́yìn. Ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó gbé e gba ẹ̀yìn, ó sì so ó gírígírí sí àyà.

Bó ṣe nàró, èémí lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan fẹ́ sí i lọ́rùn.