Àwọn Eku Tó Ń Ríran Nínú Òkùnkùn

Dókítà Eku ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í bínú sí i. Ó ti gboyè ọ̀mọ̀wé tán, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá ló ṣì wà, ó ń wádìí ohun tí fítámínì A inú ẹ̀fọ́ àti epo pupa ń dà tó bá dé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ó ya àwọn eku kan sọ́tọ̀, kò jẹ́ kí fítámínì náà kan oúnjẹ wọn rárá. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò yẹ kí irú eku bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà mọ́.

Àmọ́ wọ́n ń rí i. Gbogbo ìgbà tó bá yí iná yàrá àyẹ̀wò wálẹ̀ títí òkùnkùn fi ṣú biribiri lójú rẹ̀, eku á gba àárín àwọn pátákó tó fi dí ọ̀nà wọn kọjá wẹ́rẹ́, á tẹ ibi oúnjẹ, agogo tó so mọ́ ọn á dún.

"Ẹnì kan ń fún wọn ní oúnjẹ gidi lẹ́yìn mi, sà," ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ta ni? Ṣebí ọwọ́ ẹ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà," ọ̀gá fèsì. "Tó bá ṣì rí báyìí lọ́jọ́ Ẹtì, màá gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíì."

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára, búrẹ́dì àti tíì lásán ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń fi orúnkún kọlu àga kiri. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹrí ba fún ẹ̀wù òjò tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Àwọn tó rí i ní ìwé àkàjù ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá. Adájọ́ ni, kì í gba àgbọ́sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá ṣe ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí eku."

"Ọjọ́ tí mo ní kí n sinmi náà lo rí?" Àmọ́ àbúrò ẹni ò ṣe é tì dà nù. Ó fa àga, ó jókòó.

Dókítà Eku ti ilẹ̀kùn. Ó yí iná wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ló tó dúró. Ó táràrà dé ìdí àgò, ó ṣí i. Nǹkan ń dún wàràwàrà létí rẹ̀. Ó ní àwọn eku ló ń tú ibùsùn wọn. Kò pẹ́, agogo dún. Ó tún dún.

"Ẹ gbọ́ bí?" Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. "Nínú òkùnkùn biribiri yìí! Kí ni mo fẹ́ wí fún ọ̀gá mi báyìí?"

"Sún kúrò níwájú iná yẹn ná, jàre," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn, "òjìji rẹ bo ìwé ìròyìn tí mò ń kà."